ATmega328P kọ̀, kò dáhùn, bẹ́ẹ̀ kírísítálì 16 MHz wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀

Ọmọ Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù omi. Ẹ mọ bí omi ṣe rí ní Abẹ́òkúta wa níbí: inú àpáta là ń gbẹ́ ẹ sí, ọ̀pọ̀ bọhólù kì í tètè kún padà, tí pọ́ǹpù bá sì ń yí tí kò fa nǹkan kan, ó ti jóná nìyẹn. Ẹ̀rọ mi á máa wo omi, á pa pọ́ǹpù nígbà tó bá yẹ, á sì fi SIM800L (ẹ̀yà tó ń lo káàdì SIM bíi fóònù) tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù onílé. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, aago inú áísì ATmega328P (ọpọlọ ẹ̀rọ náà) fúnra rẹ̀ ni mo lò, 8 MHz. Láàárọ̀, kò sí wàhálà. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn ti yan àpótí rẹ̀ lára ògiri, ọ̀rọ̀ tó ń ti SIM800L wọlé á di wúruwùru, àmì tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n lo kírísítálì, kí aago rẹ̀ lè dúró sójú kan.

Mo ra ATmega328P bíi mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tú wọn lára bọ́ọ̀dù àlòkù. Ọ̀kan gbà fún mi. Àwọn tó kù, ohun tí avrdude (ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ wọ́n) ń sọ nípa wọn rèé:

avrdude: error: program enable: target doesn't answer. 1
avrdude: initialization failed, rc=-1

5 V wà lẹ́sẹ̀ 7 àti 20. GND wà lẹ́sẹ̀ 8 àti 22. Résístọ̀ 10k fa ẹsẹ̀ 1 sókè. USBasp (ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà mọ́ áísì láti kọ ọ́) tó kọ èyí tó gbà náà ni mo ń lò, wáyà kan náà. Kírísítálì wà láàrin ẹsẹ̀ 9 àti 10, kàpásítọ̀ méjì tí wọ́n kọ 223 sí lára sì ti ibẹ̀ lọ sí GND. Mo ti pààrọ̀ kírísítálì, kò yí padà.

Èyí tó gbà yẹn pàápàá ń ṣe mí ní kàyéfì. Mo ti kọ lfuse rẹ̀ (nọ́ńbà inú áísì tó ń sọ irú aago tí yóò lò) sí 0xFF, ìyẹn kírísítálì. Tí mo bá yọ kàpásítọ̀ méjèèjì, ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Tí mo bá dá wọn padà, ó dákẹ́ lọ gbári. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ni? Ṣé kí n kúkú lọ ra tuntun?

Ọmọ Pólì

Àlòkù ti kú nìyẹn, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ra tuntun, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò. Tí 5 V bá wà, tí kírísítálì wà, tí kò sì dáhùn, kí ló tún kù?

Àǹtí Oníbọ́ọ̀dù

Àbúrò mi, o kú ìdààmú o. Má ju ìkankan nù nínú wọn. Ọmọ Pólì, má bínú, ìbéèrè rẹ dáa, ìdáhùn sì wà fún un: aago ló kù. Ọ̀pọ̀ áísì ni mo ti rí tí wọ́n ti kó sínú páálí ìdọ̀tí tó tún padà ṣiṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí dọ́kàn tí ọmọ kan bá fi owó oúnjẹ ra tuntun nítorí ohun tí wáyà kan lè yanjú.

Àìsàn méjì ló wà nílẹ̀ yìí, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Kàpásítọ̀ ló yá jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. 223 kì í ṣe 22 pF. Nọ́ńbà méjì ìṣáájú ni iye, ìkẹta ló ń sọ òdo tí a ó tò tẹ̀lé e, pF sì ni gbogbo rẹ̀. 22 pẹ̀lú òdo mẹ́ta: 22,000 pF, ìyẹn 22 nF. Ó tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ohun tó o nílò. Agbára tí áísì fi ń mi kírísítálì kéré gan-an, kàpásítọ̀ tó tóbi tó yẹn á fà á dà sínú GND kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìwé ATmega328P sọ pé 12 sí 22 pF ni ká lò fún irú kírísítálì yìí. Lára kàpásítọ̀ wọn máa ń kọ 22 lásán, tàbí 220. Bẹ́ẹ̀ ni, 220 gan-an ni 22 pF: 22 láìsí òdo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rí 220 tí wọ́n ń dá a padà fún ọlọ́jà, tí wọ́n wá ń gba 223 lọ sílé.

Ìdí tó fi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó o bá yọ wọ́n kúrò ni pé breadboard fúnra rẹ̀ ní pF díẹ̀ díẹ̀ láàrin àwọn ihò rẹ̀. Kò tó, kò sì dúró sójú kan, òun ló fi ń ṣe é lónìí tí kò ṣe é lọ́la. Fi 22 pF méjì síbẹ̀, ọ̀rọ̀ èyí tó gbà yẹn ti parí.

Ó wá ku àwọn tó kọ̀. O ní ara bọ́ọ̀dù àlòkù ni wọ́n ti tú wọn. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ yan fuse wọn, ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù yẹn ló yàn án. Tí áísì bá ti ilé iṣẹ́ bọ̀, 0x62 ni lfuse rẹ̀, aago inú ló ń lò, wọ́n sì ti fi mẹ́jọ pín in, 1 MHz. Irú áísì bẹ́ẹ̀ á dáhùn láìsí kírísítálì. Àmọ́ àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n fi oscillator odidi sí, àpótí irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń dá ṣe aago fúnra rẹ̀, tó wá ń fi ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ 9. Lfuse irú wọn sábà máa ń jẹ́ 0xE0. Tí fuse bá ti wà bẹ́ẹ̀, áísì á pa ẹ̀rọ tó ń mi kírísítálì. O lè pààrọ̀ kírísítálì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ẹni tí yóò mì í. Oníjó ni áísì yẹn, onílù rẹ̀ ni kò sí lágbo. USBasp ò sì lè bá a sọ̀rọ̀, torí láìsí aago, áísì ò lè ka ohun tó ń bọ̀ lórí SCK, wáyà tí USBasp fi ń pa àkókò ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Nítorí náà, fún un ní aago láti ìta. Ṣé Arduino Uno tàbí Nano kan wà lọ́wọ́ rẹ? Kọ èyí sínú rẹ̀:

void setup() {
  pinMode(9, OUTPUT);
  OCR1A = 7;
  TCCR1A = _BV(COM1A0);
  TCCR1B = _BV(WGM12) | _BV(CS10);
}
void loop() {}

16 MHz ti Uno, pín in sí 2, kó o tún pín in sí 8: 1 MHz ni yóò máa jáde lórí D9. Yọ kírísítálì àti kàpásítọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ áísì tó kọ̀. Wáyà kúkúrú kan láti D9 ti Uno sí ẹsẹ̀ 9 ti áísì. Ẹsẹ̀ 10, má fi nǹkan kan kàn án. Kó o sì so GND Uno pọ̀ mọ́ GND áísì, mo bẹ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù gbogbo iṣẹ́ wọn.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń dá àwọn èèyàn dúró níbi yìí. SCK gbọ́dọ̀ lọ́ra ju ìdá mẹ́rin aago áísì lọ. Aago 1 MHz lo fún un, 250 kHz sì ni òpin, bẹ́ẹ̀ 375 kHz ni USBasp máa ń sá tí o kò bá sọ nǹkan kan fún un. Á tún kọ̀, wà á rò pé irọ́ ni mo pa. Fi -B 10 kún un, á wálẹ̀ sí nǹkan bí 94 kHz. Tí USBasp rẹ bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò gbọ́ -B, fi jumper sí JP3.

Kọ́kọ́ kà á, má tíì kọ nǹkan kan sí i:

avrdude -c usbasp -p m328p -B 10 -U lfuse:r:-:h -U hfuse:r:-:h

Tó bá dáhùn, kọ nọ́ńbà tó bá sọ sínú ìwé rẹ. Lẹ́yìn náà ni kó o wá kọ lfuse tuntun:

avrdude -c usbasp -p m328p -B 10 -U lfuse:w:0xff:m

Pa iná, yọ wáyà D9, dá kírísítálì padà pẹ̀lú 22 pF méjì, kó o tún tan iná. Jọ̀ọ́, wá sọ fún wa bó bá ṣe lọ.

Bàbá Rédíò Lafẹ́ńwá

Àǹtí, ẹ ṣeun gidi. Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un fún ẹni tí kò ní oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń mì sójú rẹ̀). Tí ẹ bá ní rédíò tó ń gbé shortwave, ẹ gbé e sí 16 MHz, kí ẹ fa eríà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù. Tí kírísítálì bá ń mì, ariwo ṣáá-ṣáá inú rédíò á rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ pa iná bọ́ọ̀dù, ariwo á padà. Bí mo ṣe ń dán an wò nìyẹn, rédíò náà ò sì fọwọ́ kan kírísítálì rárá. Ẹni tó bá sì ní oscilloscope, kó fi probe sí ×10. Tó bá wà ní ×1, nǹkan bí 100 pF ló ń gbé wá, ó sì lè pa kírísítálì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọmọ Ọbáńtokò

Àǹtí mi, Ọlọ́run á bù kún yín ma. Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀.

Wọ́n dáhùn! Gbogbo wọn àyàfi ọ̀kan. Lfuse wọn, 0xe0, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Kí n tó fi -B 10 sí i ó ṣì ń kọ̀, bí mo ṣe fi sí i ló fèsì. Mo ti kọ 0xFF sí wọn, 22 pF (220 ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́) ti wà níbẹ̀, SIM800L sì ń sọ̀rọ̀ tó yé mi ní ọ̀sán gangan.

Ọ̀kan tó kù yẹn, wáyà D9 wà níbẹ̀, GND wà níbẹ̀, kò fèsì. Mo fẹ́ sọ́dà bọ́ọ̀dù gidi wàyí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Àǹtí Oníbọ́ọ̀dù

Inú mi dùn dé ìdí, àbúrò mi.

Èyí tó kọ̀ yẹn, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni bọ́ọ̀dù ti sọ ẹsẹ̀ 1 di ẹsẹ̀ lásán, ìyẹn RSTDISBL nínú hfuse, ìkejì lfuse. Kò sí bí USBasp ṣe lè wọ ibẹ̀. Programmer tó ń gbé 12 V sí ẹsẹ̀ 1 nìkan ló lè ṣí i. Fi máákà sàmì sí i, kó o tọ́jú rẹ̀ títí wàá fi rí ẹni tó ní irú rẹ̀.

Kó o tó sọ́dà, dán aago àwọn tó kù wò pẹ̀lú LED kan. Kọ ọ́ pé kó yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí F_CPU (iye aago tí kóòdù rẹ gbà pé áísì ń lò) jẹ́ 16000000. Tó bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan lóòótọ́, kírísítálì ló ń lò. Tó bá ń gba méjì, aago inú ló ṣì wà lórí rẹ̀, 8 MHz. Tó bá ń gba mẹ́jọ, kírísítálì ni, àmọ́ wọ́n ṣì ń pín in sí mẹ́jọ. Mẹ́rìndínlógún, ó ti padà sí 0x62 nìyẹn.

Lórí bọ́ọ̀dù, jẹ́ kí kírísítálì sún mọ́ ẹsẹ̀ 9 àti 10 débi tí ọwọ́ rẹ bá lè sún un dé, kí GND kàpásítọ̀ méjèèjì lọ tààrà sí ẹsẹ̀ 8. Má jẹ́ kí ọ̀nà iná relay gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Fi kàpásítọ̀ 104 (100 nF) kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ 7, kó o fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ 20. Nítorí contactor (swíìṣì ńlá) pọ́ǹpù tó máa ń ta iná ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí tàbí tó bá pa, 0xF7 ni èmi á lò dípò 0xFF. Ó ń mi kírísítálì tagbára-tagbára, ariwo iná kì í tètè dà á rú. Ó kàn ń jẹ iná díẹ̀ sí i, àmọ́ iná NEPA ni tìrẹ ń lò, kì í ṣe bátìrì. Ṣùgbọ́n wo ara áísì dáadáa kó o tó kọ ọ́: tó bá jẹ́ 328PB ni wọ́n kọ sí i, kò ní irú agbára yẹn nínú, 0xFF ni kó o fi sílẹ̀ sí.