Èsì lórí "ẹ̀kọ́ ìkómọ́ra" àti "àrùn ọkàn"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò, wọ́n dábàá "ẹ̀kọ́ ìkómọ́ra" fún ètò tí ọmọ adití, afọ́jú àti arọ fi ń bá àwọn yòókù jókòó ní kíláàsì kan náà, àti "àrùn ọkàn" fún ohun tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní trauma, ìpalára tí ìyà tàbí ìbẹ̀rù ńlá fi sílẹ̀ nínú ẹni. Mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹni tó ń kóni mọ́ra ló nilé. Àlejò lẹni tí wọ́n kó mọ́ra. "Ẹ̀kọ́ àjọkọ́" ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnìkan á ní, ilé ìwé wo ni wọn kì í ti í jọ kọ́? Ṣebí àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sí ògbufọ̀ tó ń fọwọ́ sọ ọ́: ọmọ adití tó wà níbẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jọ kọ́ nǹkan kan.

Ní ti "àrùn ọkàn", ẹ sọ ọ́ ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọn á darí yín sí. Èyí tó burú jù ni pé àrùn lè ṣàdédé ṣeni, ṣùgbọ́n bí a bá rí ọgbẹ́, a ó béèrè ẹni tó ṣá a. Lọ́dún 1880, àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ adití pàdé ní Milan, ní Ítálì, wọ́n dìbò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n fi kọ́ adití. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tọ ọ̀nà yẹn. Ọmọ á fọwọ́ kan ọ̀fun olùkọ́ kó lè mọ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n. Bó bá wá fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kó jókòó lé ọwọ́ náà. Nílẹ̀ wa, láti ayé ìmúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn náà ń jìyà "fanakúlà", ìyà ẹni tó bá sọ èdè abínibí, nílé ìwé tiwọn. Ta ló ṣàìsàn níbẹ̀?

Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ó dá èdè ọwọ́ padà fún àwọn ọmọ (mi ò lè bú u láéláé), àmọ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà ni, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lórí ìka rẹ̀. Àmì tí ọmọ àti ìyá rẹ̀ ń lò nílé ò ráyè ní kíláàsì.

"Ọgbẹ́ ọkàn" ni tèmi fún ẹni tí wọ́n ṣe é sí gan-an; "àpá ìmúnisìn" fún èyí tí ọmọ àti ọmọ ọmọ jogún. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olórin ìfẹ́ ti lo "ọgbẹ́ ọkàn" gbó, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu aráyé ló tètè ń ràn.

"Àkàndá ẹ̀dá", tí wọ́n fi ń pe àwọn aláàbọ̀ ara, ti wọ orí rédíò, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn adití Nàìjíríà ò yọ adití kúrò nínú orúkọ wọn. Bẹ́nikẹ́ni bá mọ adití tó ń ka Yorùbá, kó jọ̀ọ́ pè é wá dá sí i kí a tó fẹnu kò.