Àwòṣe kọ́: «ṣe» yẹn ló ń bí mi nínú

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní nígbà tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n-àtọwọ́dá kan bá ń wo òmíràn kó lè mọ ohun tí yóò ṣe, ká máa pè é ní «awòṣe». Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àmì ohùn ná. «Awòṣe», ohùn àárín, òṣìṣẹ́ ni, bí akọ̀wé, bí apẹja, bí awòràwọ̀. Iṣẹ́ tàbí ohun tí a wò ló ń gba ohùn ìsàlẹ̀: àwòkọ, àwòkọ́ṣe. Ẹ fo àmì kan péré, ẹ ti sọ iṣẹ́ di òṣìṣẹ́.

Ká tilẹ̀ tún un kọ, «ṣe» ìdí rẹ̀ kò tọ́. Ohun tí a bá wò ṣe, a ń sín in jẹ ni. ToMnet, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n-àtọwọ́dá tí ilé-iṣẹ́ DeepMind gbé jáde lọ́dún 2018, ń wo bí ẹ̀rọ mìíràn ṣe ń rìn nínú ayé kékeré tí a pín sí àpótí-àpótí, ó sì ń sọ ibi tí yóò yà sí, kódà nígbà tí ohun tí ẹ̀rọ ọ̀hún gbà gbọ́ kò bá òótọ́ mu mọ́. Kò bá a rìn. Ó wò, ó mọ̀. Ṣíṣe wo ló wà níbẹ̀? «Àwòmọ̀» ni tèmi. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é, «awòmọ̀».

Mo gbà fún Ẹ̀gbọ́n níbì kan. Cicero, ẹ̀rọ tí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, fi ta ayò ìdúnàádúrà tí wọ́n ń pè ní Diplomacy lọ́dún 2022, ayò tí àwọn ènìyàn ti ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Àwòṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀: ó ń ro ohun tí àwọn yòókù yóò ṣe kó tó yan tirẹ̀.

Ẹni tó ní ká pè é ní «ìsọtẹ́lẹ̀», wòlíì ló ń sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kàn ń fi ohun tó ti rí díwọ̀n èyí tí kò tíì rí, ó sì máa ń ṣì í. «Tíọ́rì ọkàn», tí wọ́n ń pe mímọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, ńkọ́? «Mo mọ inú rẹ̀» ni àwọn àgbà tó tọ́ mi ń wí. Kí ẹnikẹ́ni má fi Olùmọ̀ràn-ọkàn dá mi lóhùn o. Arínúróde kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí n tó mọ̀wé kà. Òótọ́ ni. Kí wọ́n wá bá mi mú gbólóhùn kan ṣoṣo wá tí «wò ṣe» wà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe ti àfarawé.