Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwòṣe mi rí ìrìn nínú àwòrán tó dúró sójú kan?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ẹ ó mọ àwòrán Rotating Snakes tí Akiyoshi Kitaoka yà ní 2003: kò rìn rárá, àmọ́ tí ojú bá ń kiri lórí rẹ̀, àwọn òbírí inú rẹ̀ á máa yí. Mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ àwòṣe kékeré kan tó ń ṣe bí ojú, lórí ìlànà Hassenstein àti Reichardt ti 1956 nípa bí ojú ṣe ń mọ ìrìn: gba ìmọ́lẹ̀ níbi méjì tó sún mọ́ra, dá ọ̀kan dúró díẹ̀, fi sọ èkejì di púpọ̀, kí o wá yọ ti òdìkejì kúrò. Mo jẹ́ kí dúdú àti funfun tètè dé ju àwọ̀ eérú lọ. Nígbà tí àwòrán bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, èsì rẹ̀ dùn mọ́ni: ìrìn ń lọ láti dúdú sí eérú tó ṣókùnkùn, àti láti funfun sí eérú tó mọ́lẹ̀, bí ojú wa ṣe ń rí i gẹ́lẹ́.

Ìgbà tí mo fi ìgbọ̀n kéékèèké tí ojú máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ kún un ni gbogbo ẹ̀ dàrú. Ìṣípòpadà odindi àwòrán bo ìyípo yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ṣé kí n kọ́kọ́ yọ ìrìn tó kárí àwòrán kúrò ni? Àbí kí n ṣí àwòrán náà sí gbogbo ìhà, kí n wá ìwọ̀n àárín àwọn èsì rẹ̀? (Ìyẹn jọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lójú mi.) Ṣé àwòṣe Adelson àti Bergen ti 1985, èyí tó ń wọn agbára ìrìn, á yọ mí nínú èyí?