Ojú tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ dispatch ń yí ìṣesí àbúrò mi padà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní Wuse àti Maitama, níhìn-ín ní Àbújá, orí áàpù ni wọ́n sì ti ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Láti ọdún 2006 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà akérò láàárín ìlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ń gbé èrò àti ẹni tó ń gbé ẹrù. Arúfin ni gbogbo ọlọ́kadà lójú wọn. Mẹ́gádì á ní kó dúró sínú oòrùn níta géètì, oníbàárà á sì na ọwọ́ gba oúnjẹ láìdá a lóhùn.

Nítorí èyí, kì í kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mọ́. Bí ó bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú pópó, á fa gíláàsì akoto bojú, á sì sáré kọjá, kódà bí iná ojú pópó bá pọ́n, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí ló fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, n kò sì rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń fara da ìwọ̀sí láìjẹ́ kó ba iṣẹ́ yín jẹ́? Ọ̀rọ̀ wo sì ni ẹ̀gbọ́n obìnrin lè bá a sọ tí kò ní dà bí ìbáwí létí ọkùnrin tó ti ní ìdílé?