Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí lúdò tí mò ń gbẹ́ fún ọmọ tí kò ríran

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Káfíńtà ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ àbúrò mi obìnrin kò ríran, ó sì wù ú kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta lúdò. Mo ti gbẹ́ ihò sí gbogbo ojú ilé, kí ọmọ lúdò má baà yẹ̀ tó bá ń fọwọ́ wá a. Ọmọ lúdò 16 ni: mo gbẹ́ orí pupa ní ṣóńṣó, mo la ti àwọ̀ ewé lórí, mo jẹ́ kí ti búlúù máa dán. Ti yẹ́lò ló ń dà mí láàmú. Sáńpépà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ń bó. Kí ni kí n ṣe sí i, tí ìka á fi tètè dá a mọ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ríran bàìbàì, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọ̀ má parẹ́.