Báwo la ṣe máa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì léèrè ọ̀rọ̀ vape?

Nọ́ọ̀sì500L: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wa dá lórí vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti fámasì. Ìbéèrè kan ṣoṣo la kọ lórí ẹ̀: "Ṣé o ń mu sìgá tàbí vape?" Ọ̀gá wa ní kò tó. Ẹnìkan tún ní ká yá ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí, ká fi mọ ẹni tó ń parọ́. Kí lẹ rí sí i?

Apòògùn: Ẹ kọ́kọ́ la ìbéèrè yẹn sí méjì. Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ ò ní mọ èwo ló ń fà. Ọ̀pọ̀ tó ń fa vape ni kì í ka ara wọn mọ́ amusìgá, nítorí náà ẹ béèrè lọ́tọ̀: ṣé o ti fa vape rí, kódà lẹ́ẹ̀kan? Nínú 30 ọjọ́ tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo fà á? Shisha náà lọ́tọ̀ ni, èédú ni wọ́n ń fi gbóná rẹ̀. Ẹ fi àwòrán pod (ike kékeré tí omi vape ń wà nínú rẹ̀) àti vape tí wọ́n ń lò sọnù sí i.

Ẹ béèrè agbára níkotíìnì, èròjà inú tábà, tí wọ́n kọ sára páálí. 20 mg/ml ni 2%, 50 mg/ml ni 5%. Pod 2 ml tó jẹ́ 20 mg/ml, 40 mg ló wà nínú rẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n fà á kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, fífà ẹnìkan gùn ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹ jẹ́ kí "mi ò mọ̀" wà nínú ìdáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ fámasì tí kò mọ ìwọ̀n ohun tó ń fà, ìyẹn gan-an yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró: Ẹ gbàgbé ẹ̀rọ èémí yẹn jàre. Carbon monoxide, gáàsì inú èéfín, ló ń wọ̀n, ohun tó ń jó ló sì ń mú un wá. Vape kì í jó ewé tábà: wáyà inú rẹ̀ ló ń gbóná, tí omi fi ń di ooru. Ẹni tó fa vape láàárọ̀ máa fẹ́ èémí sí i, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkankan. Àyẹ̀wò cotinine (ohun tí níkotíìnì ń dà nínú ara) nínú itọ́ dára jù, ṣùgbọ́n á mú ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù níkotíìnì, kò sì ní rí ẹni tó fà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ òótọ́, ẹ má gba orúkọ tàbí nọ́ńbà mátíríìkì. Nínú Google Forms, ẹ pa ibi tó ń gba ímeèlì. Kí olùkọ́ tàbí olórí kíláàsì má fọwọ́ kan ìdáhùn rárá.

Apòògùn: Ní ti èrò wọn, "Ṣé vape léwu?" kò níyì. Wọ́n ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ béèrè ewu rẹ̀ fún ẹni tí kò mu sìgá rí lọ́tọ̀, ti amusìgá tó fẹ́ jáwọ́ lọ́tọ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n mọ̀ pé níkotíìnì ló ń di bárakú, àmọ́ èéfín tábà tó ń jó ló ń fa jẹjẹrẹ jù. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó mú àwọn tó ń fa vape ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 ńkọ́, ṣé wọ́n mọ ohun tó fà á? Vitamin E acetate nínú omi THC, èròjà igbó, ni wọ́n rí pé ó fà á jù.

Nọ́ọ̀sì500L: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó fi vape jáwọ́ nínú sìgá ńkọ́?

Ẹ̀dọ̀fóró: Ẹ bi í bóyá ó ṣì ń mu sìgá mọ́ ọn. Ẹni tó ń lo méjèèjì kò tíì jáwọ́.