Ìparí ọ̀rọ̀ driver tó ń dá Windows dúró lójijì

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ driver (ètò tó ń darí ohun èlò kọ̀ǹpútà) káàdì PCIe (káàdì tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà) tó ń gbé ojú búlúù àṣìṣe Windows wá, pẹ̀lú kóòdù 0xD1. A ti rí ìdí rẹ̀.

Driver Verifier, irinṣẹ́ Windows tó ń dán driver wò, ló tú àṣírí. Bí mo ṣe tan «Force IRQL checking» (IRQL ni ipele ìṣáájú tí kóòdù fi ń ṣiṣẹ́ nínú Windows), kíá ni Windows wó. Nínú WinDbg, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, àṣẹ !analyze -v tọ́ka sí DPC (iṣẹ́ tí driver sún síwájú díẹ̀) tó ń ka mẹ́mọ́rì PagedPool (èyí tí Windows lè gbé lọ sórí dísíìkì) ní DISPATCH_LEVEL, ipele IRQL tó ga. Bí Windows bá ti gbé mẹ́mọ́rì yẹn lọ sórí dísíìkì, kò lè dá a padà ní ipele yẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ìgbà tí mẹ́mọ́rì bá há nìkan ló ń wó, ohun tó dààmú wa jù lọ!

Mo lo NonPagedPoolNx, mẹ́mọ́rì tí Windows kì í gbé lọ sórí dísíìkì, dípò PagedPool. Verifier ṣì wà ní títàn, kò sì wó mọ́.